Agolo Inú Fíríìsà

Ìfura loògùn àgbà. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ń gbé ayé mi nìyẹn láti Abẹ́òkúta títí dé Chicago. Ẹni tó bá ní mo fura jù, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní oṣù kejì ọdún 1984, kó tó dá mi lẹ́jọ́.

Orúkọ mi ni Gàníyù. Ilé ìwòsàn kan ní Joliet ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ràhámọ̀tù ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Evanston. Rogers Park ní Chicago là ń gbé, àjà kẹta, nínú ilé bíríkì kan tí àtẹ̀gùn onípákó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo ní mọ́tò, nítorí náà Ràhámọ̀tù ní kí a máa gbé nítòsí ibi iṣẹ́ tòun, kí èmi máa wakọ̀ wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀. Mo gbà nígbà náà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ìdí tó fi fẹ́ kí n máa jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo pàdé rẹ̀, inú ẹgbẹ́ òṣèré ló wà. Wọ́n máa ń fi bọ́lẹ̀kájà rìn káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, wọ́n ń ṣeré ní gbọ̀ngàn àti ní ọgbà ilé ìwé. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò ní parọ́. Bó bá sunkún lórí ìtàgé, àwọn ìyá àgbà tó wà níjòókòó á máa fi ìborùn nu ojú tiwọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wo ló fẹ́ kí ìyàwó òun máa sùn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́wàá nínú ọkọ̀ kan? Kí wọ́n tó so yìgì wa, mo ní kó ṣèlérí níwájú ìyá rẹ̀ pé eré ti parí. Ó ṣèlérí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń ṣe é, n kò sì gbàgbé ẹ̀rín yẹn títí dòní.

Ìkúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Nílé, kò sí àárọ̀ kan tí Ràhámọ̀tù kì í kúnlẹ̀ kí mi. Nígbà tí a dé ìhín lọ́dún 1981, ó di kí eékún kàn tẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó di, "Gàní, I'm late o, train mi ti ń bọ̀." Mo ní kò burú, Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú.

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ ni ti dígí. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a níwájú dígí yàrá wa. Ó la ojú rẹ̀ tóótó, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn kankan ò sì jáde. Ó dáwọ́ dúró, ó tún un ṣe. Ó bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan ń pè é láti ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Ràhá, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó fò sókè. "Yéè! O dẹ́rù bà mí. Kò sẹ́nì kankan. Exercise ni, fún ọrùn mi. Àwọn màmá tí mò ń gbé sókè lójoojúmọ́ ti ń dá mi lọ́rùn."

Eré ọrùn tí ènìyàn ń fi ẹnu ṣe! Èmi, bí mo bá bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀kan tí o parọ́ fún mi, mi ò ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ara mi ni mo máa bi, ara mi náà ló máa dá mi lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, fóònù dún. Ọkùnrin òyìnbó kan ni. "May I speak with Rahamotu?" Ó pe orúkọ náà geere, bí ẹni tó ti ń pè é tipẹ́. Òyìnbó wo ló ń pe Ràhámọ̀tù láìgé e kù? Níbi iṣẹ́, "Ray" ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ní èmi ọkọ rẹ̀ ni, kí ló fẹ́? Ó ní, "Oh. Just tell her Monday is fine," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Ràhámọ̀tù, ojú rẹ̀ tàn, ó sì yára pa ojú náà dé. Ó ní ọ̀gá kan ló fẹ́ bá òun pààrọ̀ shift. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìkòkò ọbẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná mọ́.

Ọjọ́ Sátidé, ó lọ síbi iṣẹ́, èmi wà nílé. Yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò. Ní ọ̀sán, mo fẹ́ se ọbẹ̀ ṣàkì, mo ṣí fíríìsà. Mo yọ ṣàkì, mo yọ ẹja, mo yọ ọ̀rá ẹ̀fọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ pọ̀nmọ́, mo rí agolo pẹlẹbẹ kan, róbótó, ó tó àwo ìjẹun. Wọ́n fi rìbọ́n pupa dì í lóròó àti níbùú, wọ́n wá fi ọ̀rá wé e lọ́nà mẹ́ta.

Mo gbé e sórí tábìlì, mo tú ọ̀rá náà kúrò láìfọwọ́ kan rìbọ́n. Ìwé kékeré kan wà lára ìdérí rẹ̀. Lókè ìwé náà, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ti kọ ìlà mẹ́ta ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé ìyàwó mi: Rahamotu Ganiyu. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ mi, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, lábẹ́ ọfọ̀ tí n kò gbọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ Yorùbá ti mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé láti kékeré pé obìnrin tó bá fẹ́ kí ọkọ òun máa wòran, kó má lè bínú, kó má lè bèèrè ọ̀rọ̀, á ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì, wọn á dì í, á gbé e sí ibi tútù. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ìdí àmù ni. Bí àmù bá ṣe ń tutù ni orí ọkọ á máa tutù. Èmi tí mò ń fi ẹ̀rọ wo kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, mo máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n mo dúró ní kíṣíìnì lọ́jọ́ yẹn, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo rí ti dígí, mi ò bínú. Ọkùnrin pe ìyàwó mi lórí fóònù, mi ò bínú. Èmi Gàníyù tí mo lè bá kọ́ńdọ́kítọ̀ jà nítorí pé ó wò mí! Kí ló ń mú mi tutù tó bẹ́ẹ̀?

Mo pe Sàláhúdéènì ní Flossmoor. Ọmọ àdúgbò wa ni ní Abẹ́òkúta, ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì kọ́kọ́ dé sí ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò àlòkù ló ń tà. Kò sí ohun tí kò mọ̀, ó kéré tán lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rí nǹkan kan nínú freezer wa." Mo ṣàlàyé fún un.

"Orúkọ ẹ wà lára ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Pẹ̀lú rìbọ́n pupa?"

"Pupa ni."

"Gàníyù, ìwọ ni wọ́n gbé sínú freezer yẹn. Wọ́n ti freeze ẹ, my brother! Má ṣí i o. Tó o bá ṣí i, ó ti wọ̀ ẹ́ lára nìyẹn. Just burn it. Ìta ni kó o ti sun ún, kó o ka Fàlákì àti Násì sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má kọ́kọ́ bi í ni?"

"Bi ta ni? Ẹni tó dì ẹ́ ni wàá bi bóyá òun ló dì ẹ́? Ìwé lo mọ̀, o ò gbọ́n."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló jọ létí mi. Àwọn àgbà ní pàǹsá ò fura, pàǹsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mi ò ní jẹ́ pàǹsá.

Mo wọ kóòtù, mo gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Mo gbé agolo náà lọ́wọ́ kan, mo gbé gárawa omi lọ́wọ́ kejì, nítorí mi ò kì í dáná láìní omi nítòsí. Àgbá irin òfìfo kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n máa ń da eérú sí. Mo fi ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, mo ṣáná sí i, mo ju agolo náà sí i, mo ka ohun tí mo fẹ́ kà. Ó pẹ́ díẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Rìbọ́n ti jó tán. Mo tẹ̀ síwájú, mo yọjú wò ó.

Ìdérí agolo fò lọ. Iná funfun sọ jáde, ó ga jù mí lọ, ó ń súfèé. Èéfín rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, ó há mi lọ́fun, mo ṣubú sínú yìnyín, mò ń wúkọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ojú mi, irun òkè ojú mi méjèèjì ti lọ. Mo dìde, mo da gárawa omi yẹn lé e lórí látòkè délẹ̀. Ẹ gbọ́ o: iná yẹn ń jó lábẹ́ omi. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Omi wà lókè, iná wà nísàlẹ̀, ó sì ń jó lọ títí tí kò fi ku nǹkan kan mọ́.

Bí mo bá ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, ó parí níbẹ̀. Iná gidi kì í jó lábẹ́ omi. Mo gun òkè padà, mo wẹ̀, mo se ṣàkì mi, mo jẹun bí ọba. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Gbogbo ìbínú oṣù kan padà wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì kí i káàbọ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Ràhámọ̀tù wọlé. Ó wò mí, ó fi báàgì sílẹ̀. "Gàní, kí ló ṣe irun ojú ẹ? Kí ló ń rùn báyìí?"

"Lọ bi fíríìsà."

Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi ṣí fíríìsà. Ó yọ ẹja, ó yọ ọ̀rá ẹ̀fọ́, ó yọ pọ̀nmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ń wá kiri níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ là, ó ń lọ, ohùn kankan ò jáde. Irú èyí tó ń ṣe níwájú dígí ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo rí i pé kì í ṣe eré.

"Mo ti sun ún," ni mo wí. "Mo ti gbóná padà. Oògùn tó o fi dì mí ti jóná."

"Oògùn?" Ó ń wò mí bíi pé èdè mìíràn ni mò ń sọ. "Oògùn wo? Gàní, film ni. Film màmá Josephine ni!"

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ, níbi tó jókòó sí. Ìyá arúgbó ará Ítálì ni Josephine, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú, ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ṣe fíìmù kan ṣoṣo ní ìlú rẹ̀, láyé ìgbà tí sinimá kò tíì ní ohùn. Ẹnu òṣèré á kàn máa lọ, wọn á wá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú aṣọ funfun kí àwọn òǹwòran kà á. Ìtàn ọmọbìnrin aránṣọ kan ni, tó ń fẹ́ ọmọkùnrin oníbúrẹ́dì. Ọkùnrin onífíìmù kan wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ yẹ kó wà níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ó lọ, ó di ìlú-mọ̀ọ́ká, lẹ́yìn náà ló padà wá sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó padà dé ló wà nínú agolo. Apá yòókù wà ní Ítálì, àwọn kan ti rí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé yìí. Josephine ló gbé e nínú àpótí rẹ̀ wá sí Chicago lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti sinimá. Ó yan ọkọ, ó sì rán kóòtù nílé iṣẹ́ aṣọ fún ogójì ọdún.

"Iná tètè máa ń ran irú film yẹn, omi ò sì lè pa á," ni Ràhámọ̀tù wí. "Ilé ìtọ́jú ní kó gbé e kúrò by Thursday. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti university fẹ́ gbà á kó ṣe àdàkọ ẹ̀, àmọ́ kò ní sí nílé till Monday. Òun ló ní kí n tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù. Mo kọ orúkọ mi sí i kó má sọnù. Orúkọ mi, Gàní. My own name."

"Kí ni ti dígí?"

"Màmá ló ń kọ́ mi. Tí mo bá ti parí iṣẹ́, a máa ń tú film yẹn díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé, a máa ń fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ó máa ń fi ojú ẹ̀ hàn mí, èmi náà á ṣe é. Ní oṣù kẹrin, wọ́n fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ han àwọn èèyàn ní university. Wọ́n ní èmi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, kí n máa sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn jáde lẹ́nu. Èmi, Gàní. Nínú gbogbo èèyàn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ actress fún ìwọ? Nínú ilé yìí?"

Síbẹ̀, ẹ má bínú, ìwà ni: mo ṣì bi í léèrè bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣe mọ orúkọ rẹ̀ pè geere tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kọ́ ọ ni. Ó wá nu ojú, ó dìde. "Lọ́la, a jọ ń lọ sí Evanston. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún un."

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a bá Josephine lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wé ṣọ́ọ̀lù pupa, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ mú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀ ju kí n dúró sọ ọ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá rò pé mo dákú, ó sáré gbé àga onítáyà wá. Ràhámọ̀tù ní kó fi mí sílẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọrọ àforíjì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti gbé mi sínú fíríìsà, Josephine rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi náà ṣì ń bọ̀. Ó kọjú sí fèrèsé. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, wọ́n ń rọra yí bíi pé wọ́n ń tú nǹkan díẹ̀díẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò.

Josephine yíjú sí ìyàwó mi. "Ray," ló wí, "do it for me. The end. Let me see it."

Ràhámọ̀tù bọ́ kóòtù. Ó ní kí n dúró sí àárín yàrá, nítorí kò sí ọkùnrin mìíràn níbẹ̀ tó lè ṣe oníbúrẹ́dì. Ó jáde, ó tún wọlé, ìyàwó mi kọ́ ló wọlé. Ẹnì kan tó ti rin ọ̀nà jíjìn ni. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó wò mí bí kò ṣe wò mí láti ọdún mẹ́ta. Ó rọra kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, níwájú mi. Ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ láìsí ohùn. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Gbogbo ara ni mo fi fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí ìyàwó bá kúnlẹ̀, ọkọ á ní dìde, á sì ṣàdúrà fún un.

"No!" Josephine kígbe mọ́ mi. "He does not lift her. He does not believe her. He only looks."

Mo dúró, ọwọ́ mi ṣì wà níwájú. Ràhámọ̀tù wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò bojú wẹ̀yìn. Josephine pàtẹ́wọ́, ó ń sọkún, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí Ràhámọ̀tù tó wọlé padà wá mú kóòtù rẹ̀.

Nílé, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó sùn. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ń wọ bàtà iṣẹ́ nígbà tó jáde láti yàrá. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ìkúnlẹ̀ gidi, bíi ti Abẹ́òkúta.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, ó sì bà mí lẹ́rù. "Ràhá," ni mo wí, "lánàá tó o kúnlẹ̀, kí lò ń sọ?"

"Ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ ni."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú film yẹn, sà. Ẹ ti sun ún."

Ó dìde kí ọwọ́ mi tó kàn án. Ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo rí i pé báàgì náà tóbi ju ti iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Èmi tí mo máa ń fura sí ohun gbogbo, mo jókòó síbẹ̀, mo ní bóyá aṣọ tó fẹ́ lọ fọ̀ ni.